Aago Abúlé Awakùsà

Òórùn òkúta tútù àti oje igi páínì ló kọ́kọ́ pàdé wa nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní abúlé yẹn, lórí òkè Harz. Ọmọ mi obìnrin ṣì wà ní kíláàsì kẹfà nígbà náà, Veddel ní Hamburg la sì ń gbé, bí mo ṣe ń gbé ibẹ̀ títí dòní. Mo ti sọ fún tíṣà wọn pé màá bá wọn gbé ẹrù. Ìwọ tí o mọ̀ mí mọ̀ pé kì í ṣe torí ẹrù ni mo ṣe lọ. Wọ́n fẹ́ kó àwọn ọmọ wọ inú ihò tí àwọn ará abúlé náà ti wa fàdákà láyé àtijọ́, n kò sì fẹ́ kí tèmi wọ̀ ọ́.

"Dádì, alle gehen rein!"

"Kí gbogbo wọn máa wọlé. Ṣé èmi ni mo bí gbogbo wọn?"

Ìyá àgbà tó ń mú àlejò yí abúlé ká ló dá sí i. Baba ńlá rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ihò yẹn, kí fàdákà tó tán, kí àwọn ọ̀dọ́ tó kó lọ sí ìlú ńlá, kí ilé ẹ̀kọ́ abúlé tó di ilé àlejò. Ó fi kẹ̀kẹ́ igi ràgàjì kan tí omi ń yí hàn mí, pẹ̀lú aago kékeré tó so mọ́ ọn. Kẹ̀kẹ́ náà ló máa ń fa omi jáde kúrò nínú ihò. Bí aago bá ń dún, àwọn ìyàwó nílé á máa bó ọ̀dùnkún wọn lọ. Bó bá dákẹ́, omi ti fẹ́ bo ọkọ wọn mọ́lẹ̀ nìyẹn. "Àlejò nìkan ló ń dún fún báyìí," ó ní.

Ọkàn mi rọ̀ díẹ̀. Mo tún okùn akoto ọmọ mi so, mo ní "Bísímílláhì," ó sì tẹ̀ lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé. Mo dúró ti aago. Àfi bí ẹ̀ka igi kan ṣe bá omi wá, tó há sínú kẹ̀kẹ́. Aago dákẹ́.

Etí mi ti gbọ́ pé àlejò nìkan ló ń dún fún, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò gbọ́. Mo ti dé ẹnu ihò, mo ń ké oríkì ọmọ mi bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

"Dádì, mo wà níbí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín!"

Ìyá àgbà fi ọ̀pá yọ ẹ̀ka náà. Òun kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. "Bí wọ́n ṣe ní àwọn ìyá wa máa ń sáré nìyẹn," ó ní. "Ṣùgbọ́n láàárọ̀, tí ọkọ wọn bá ń lọ sínú ihò, wọn kì í fà á láṣọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Nígbà tí ọmọ mi ní Berlin lòun fẹ́ ti kàwé, n kò fà á láṣọ. Gesundbrunnen ló ń gbé báyìí. Láràárọ̀, kí n tó jáde lọ síbi iṣẹ́ ní Altona, ohùn rẹ̀ á wọlé sórí fóònù mi: "Ẹ káàárọ̀ o, Dádì." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tó mi. Lánàá, tí n kò níṣẹ́, ohùn náà pẹ́. Mo ti wọ bàtà, mo ti ń wo àkókò ọkọ̀ ojú irin Berlin, kó tó dé:

"Ẹ káàárọ̀, Dádì. Oorun ló gbé mi lọ. Ẹ bọ́ bàtà yín."