Aṣọ Tí Bàbá Mi Kùn Ní Ẹ̀ẹ̀marùn-ún

Òórùn sítáàṣì tó ń hó lórí sítóòfù ló jí mi láàárọ̀ Sátidé kan ní Ìsọlọ̀, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń pa gbogbo ìlú bí ọtí. Bàbá mi, tíṣà ará Èkìtì tí ṣòkòtò rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, tún ti gba kíṣìnnì lọ́wọ́ ìyá mi. Ó ti tú àpò fúláwà, ó ti fọ̀ ọ́, ó sì ti kàn án mọ́ férémù onígi. Ó wá lọ ṣọ́ọ̀kì kúnná, ó pò ó mọ́ sítáàṣì àti gúlúù káfíńtà, ó ń kùn ún sára aṣọ náà. Bó bá gbẹ, á fi sáńpépà ha á, á tún kùn ún, ẹ̀ẹ̀marùn-ún gbáko. Ó ní ọ̀dà tí a fi omi pò kì í dúró sórí aṣọ, àfi kí aṣọ náà ní ohun tí yóò fà á mu. Èmi wà lórí ẹní, mo fi ìbora bo imú.

Bẹ́ẹ̀, èmi náà ló ń ṣe é fún, kí n lè ya àwòrán sí i. Àwòrán kan ṣoṣo ni wọ́n máa gbé kọ́ sí gbọ̀ngàn iléèwé wa lọ́jọ́ àwọn òbí, gbogbo ọkàn mi sì ni pé kó jẹ́ tèmi. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbé aṣọ tó ń rùn bí ògì kíkan síwájú àwọn ọmọ olówó Ire-Akari? Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má díbọ́n, gbogbo wa la ya wèrè nígbà yẹn. Ohun tí kò bá ti Lọ́ńdọ̀nù dé, a ò kà á sí. Ilé kan ládùúgbò wa gbé fíríìjì sí pálọ̀ kí àlejò lè rí i, aṣọ ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀.

Àbúrò ìyá mi, Bùọ̀dá Délé tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ló gbé kánfáàsì, aṣọ tí òyìnbó ń ya àwòrán sí, wá láti Mafoluku, funfun báláú nínú ọ̀rá. Ó ní kí n fi àkísà bàbá mi nu ẹsẹ̀. Èmi olóríburúkú, mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo já a kúrò lára férémù, mo tẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi dé, ó rí i, ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ ré e kọjá láìtẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ní kíláàsì. Gbogbo ọ̀dà tí mo fi sórí kánfáàsì ọ̀hún ló ń ṣàn wálẹ̀ sórí yúnífọ́ọ̀mù mi. Ọ̀dà elépo ni àwọn òyìnbó ṣe é fún, ọ̀dà olómi sì ni tiwa; Bùọ̀dá Délé kò mọ̀yàtọ̀. Àwòrán ọmọ kan tó ya tirẹ̀ sórí páálí ni wọ́n gbé kọ́.

Mo sunkún délé, mo ní kí bàbá mi bá mi ṣe òmíràn. Kò bínú. Ó ní, "Àpò fúláwà ń bẹ ní kíṣìnnì. O ṣáà wò mí nígbà tí mò ń ṣe é?"

Mi ò wò ó. Ojú sì tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀.

Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún báyìí, àwòrán yíyà ni mo fi ń jẹun. Mo ti po ṣọ́ọ̀kì àti sítáàṣì títí, sísán ló máa ń sán. Mo máa ń bú ọmọbìnrin tí mo jẹ́ nígbà yẹn, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ogún ọdún ni bàbá mi tún lò láyé lẹ́yìn náà. Mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, mò ń lọ kí i ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, n kò sì bi í bó ṣe ń po ó. Ọmọdé lòun. Èmi àgbàlagbà ńkọ́?