Ìyá Atúnká àti Aṣọ Yàrá Iṣẹ́ Abẹ

Ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá kan, níbi tí ooru ti máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé, obìnrin kan wà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Ọ̀gá lójú rẹ̀, tí wọ́n sì ń pè ní Ìyá Atúnká lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ orúkọ kejì yìí. Ó ti gbọ́ ọ láàárín ariwo ẹ̀rọ, ó sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti ká aṣọ tán, tí wọ́n tò ó sórí pẹpẹ, tí wọ́n bọ́ aṣọ iṣẹ́, tí wọ́n lọ, Ọ̀gá á pa ìlẹ̀kùn dé, á tú gbogbo rẹ̀, á sì tún un ká. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ìnura, títí dórí aṣọ tí wọ́n fi ń bo aláìsàn ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, ẹ̀yìn á máa ro ó, á sì máa kùn pé àwọn èèyàn ìsinsìnyí kò lọ́wọ́ iṣẹ́.

Kò kúkú bá ipò ọ̀gá wọ ibẹ̀. Ọmọge tín-ínrín ni nígbà tó dé, aṣọ tútù ló ń kó kiri. Obìnrin àgbàlagbà tó kọ́ ọ ní kíká kì í sọ̀rọ̀. Bó bá ṣì í ká, ìyẹn á gbá a lọ́wọ́, á já aṣọ náà gbà, á ká a fúnra rẹ̀. "Máa wò mí," kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn ju ìyẹn lọ. Ó wò ó títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n fi òun náà ṣe ọ̀gá, ó gbà pé ohun tí ọ̀gá ń ṣe nìyẹn: kó gbà á, kó ṣe é.

Oyún ọmọ rẹ̀ ló wá kó o sí wàhálà. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé ní ìlú tó jìnnà, tún ti lóyún. Èyí tó ní ṣáájú bàjẹ́ mọ́ ọn lára. Ìdí pẹpẹ ni ìyá rẹ̀ wà lọ́jọ́ náà, tó ń tún aṣọ ká. Ọmọ náà kò bú u. Ó kàn sọ lórí fóònù pé, "Mọ́mì, ẹ̀yin náà ṣáà níṣẹ́ tí ẹ ń ṣe." Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti búra pé òun á wà ńbẹ̀ kí ọmọ náà tó bí.

Ó lọ tọrọ ìsinmi lọ́wọ́ máníjà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè.

"Ta ló máa di ipò yín mú, mà?"

Ọ̀gá ronú títí. Kò rí ẹnì kankan.

"Mi ò lè buwọ́ lù ú bẹ́ẹ̀," ni máníjà wí. "Ẹ kọ́kọ́ lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olórí ẹ̀ka tó ń bọ̀ yìí. Bí ẹ bá dé, ẹ wá ẹni tó lè ṣe é. Tí yàrá iṣẹ́ abẹ bá lo aṣọ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ máa lọ."

Ó fajú ro lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà. Olórí àwọn awakọ̀ wà ńbẹ̀, olórí ilé ìdáná náà wà ńbẹ̀. Olùkọ́ wọn, obìnrin kan tí kì í dúró sójú kan bó bá ń sọ̀rọ̀, ní kí kálukú dárúkọ iṣẹ́ tó jẹ́ pé òun nìkan ló lè ṣe é ní ẹ̀ka rẹ̀. Àwọn yòókù ṣì ń ronú nígbà tí Ọ̀gá ti nawọ́. Ó ka iṣẹ́ lọ bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Olùkọ́ gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹ ṣé, mà. Gbogbo èyí tí ẹ kà yìí ni iṣẹ́ ọ̀gá tí ẹ kò tíì ṣe."

Olórí ilé ìdáná rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Inú bí i délé.

Ṣùgbọ́n ìsinmi ló ń wá. Ọjọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó pe Ẹlẹ́rìn-ín, obìnrin tó pẹ́ jù níbẹ̀ lẹ́yìn òun fúnra rẹ̀. "Láti òní lọ, ìwọ lo ni aṣọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Mi ò ní fọwọ́ kàn án." Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó sì lọ sílé láì tú nǹkan kan. Gbogbo ara ń yún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ já wọlé pẹ̀lú ìbínú. Aṣọ yìí, ṣe ni wọ́n ń ká a lọ ká a bọ̀, kí etí kan ṣẹ́ kù síta, kí nọ́ọ̀sì lè fa etí yẹn kí gbogbo rẹ̀ ṣí láìkan ohun mìíràn. Èyí tí wọ́n fà láàárọ̀ yẹn dà sílẹ̀ wùrù, aláìsàn sì ti wà lórí tábìlì.

Ọ̀gá yíjú sí Ẹlẹ́rìn-ín. "Ṣé o ò ríran ni? Gbogbo ọdún tí o ti ń ká aṣọ níbí!"

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Mi ò ká a."

"Kí lò ń wí?"

"A kàn ń ṣẹ́ ẹ po, a ń tò ó ni. Gbogbo wa. Kí la fẹ́ ká a dáadáa fún? Ẹ ṣáà máa tú u; mo rò pé ẹ kàn fẹnu sọ ọ́ lánàá ni. Èmi kọ́kọ́ ń ká a o. Mo wá gbàgbé fóònù mi síbí níjọ́ kan, mo padà wá mú un, mo bá yín tí ẹ ń tú tèmi. Èyí tí mo fara balẹ̀ ká, Ọ̀gá! Mi ò wí nǹkan kan. Mo dẹwọ́ ni."

Kò sí ẹ̀rín lójú Ẹlẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọ̀gá yíjú wo orí pẹpẹ. Gbogbo ẹ̀yìn ríro yẹn! Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn kí wọ́n má ṣiṣẹ́.

"Wá, kí n kọ́ ẹ," ló wí níkẹyìn.

Kíkọ́ náà tún wá burú. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹnu rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

"Báyìí ni."

"Báyìí báwo, Ọ̀gá?"

"Kí o mú un báyìí, kí o yí i báyìí, kí o wá ṣe é báyìí!"

"Báyìí yín ti pọ̀ jù. Èwo ni báyìí àkọ́kọ́?"

Àwọn tó wà nídìí áyọ́ọ̀nù bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá já aṣọ náà gbà, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń ká a lọ kó tó rántí. Ó wá rí obìnrin àgbàlagbà ọjọ́sí lára ara rẹ̀, àfi gbígbá lọ́wọ́ ló kù. Ó ju aṣọ náà padà sórí tábìlì bí ẹni pé ó jó o.

Báyìí ni wọ́n ń bá a fà á, lójoojúmọ́, pẹ̀lú ìkanra, títí Ẹlẹ́rìn-ín fi wá ọ̀nà ti ara rẹ̀. Ó fi ikùn ti tábìlì, ó fi apá rẹ̀ wọn aṣọ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, ó ń ṣẹ́ ẹ lọ. Èyí tó ká jáde wú bí ìwé tí òjò pa.

"A kì í ká a bẹ́ẹ̀."

"Ẹ fà á wò."

Ọ̀gá fà á. Ó ṣí láìhá. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Odidi ọ̀sẹ̀ kan kọjá, yàrá iṣẹ́ abẹ kò dá ìkankan padà. Máníjà buwọ́ lù ú.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó gbé báàgì rẹ̀ gba ilé ìfọṣọ kọjá láti dágbére. Ojú rẹ̀ gún orí pẹpẹ. Aṣọ kan yọ síta lápá òsì, ó wọ́ bí ẹnu ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ.

"Ọ̀gá, ọwọ́ yín," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo kàn fẹ́..."

"Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́. Ẹ lọ bá ọmọ yín, ẹ bá wa kí i."

Ó fa ọwọ́ padà, ó sì jáde.

Nínú bọ́ọ̀sì, ó gbé fóònù lé itan, ó ń retí kí wọ́n pè é láti ilé ìfọṣọ. Bọ́ọ̀sì kọjá ìlú kan, ó kọjá òmíràn, fóònù kò dún. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Inú ń bí i. Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, òun ló pè.

"Ẹlẹ́rìn-ín, ṣé kò sí o?"

"Kò sí, Ọ̀gá. A ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́," ló wí, ó sì pa fóònù.