Owó Iná Tó Há Sínú Fóònù

Káàdì ìpè ni ọmọ mi obìnrin tó wà ní Àbújá fi ń fowó ránṣẹ́ sí mi nígbà yẹn. Á ra káàdì lọ́hùn-ún, á ha á, á ka nọ́ńbà rẹ̀ sí mi létí, èmi á sì fi èédú kọ ọ́ sára ògiri kíṣìnì. Obìnrin kan tó ń ta ìpè lábẹ́ agboòrùn ní Apple Junction ló ń ra nọ́ńbà náà lọ́wọ́ mi. Á yọ èrè tirẹ̀, á kó owó fún mi, òun ni mo fi ń san owó iná.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, àwọn oníná gbé àkàbà wá sílé wa ní Festac, wọ́n já wáyà mi lórí òpó nítorí owó iná tí mo jẹ. Ẹja dídì ni mò ń tà. Páálí méjì ló wà nínú fírísà, gbogbo owó òwò mi ló sì wà nínú wọn. Mo pe ọmọ mi. Kò pẹ́ tó fi ka nọ́ńbà káàdì bíi mélòó kan sí mi.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe. Mo rò ó pé ẹni tó bá yọjú sí kíṣìnì lè rí nọ́ńbà lára ògiri, kó jí i. Ni mo bá tẹ gbogbo wọn sínú fóònù mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fomi nu ògiri, mo wé gèlè, mo lọ.

Obìnrin náà wo fóònù, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Màmá, ẹ ti lóòdù ẹ̀! Kò ṣeé tà mọ́ o.”

“Ṣé kò ṣeé yọ ni?”

“Ṣé ẹ máa ń yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ ni?”

Mo di fóònù náà mú. Owó iná mi wà nínú rẹ̀, bí ẹran inú ìkòkò ẹlẹ́nu tóóró, mi ò sì lè fọwọ́ kàn án. Nílé, yìnyín ń yọ́.

Mo ní, “Ṣebí ìpè ni ìwọ náà ń tà?”

“Ìpè ni, Mà.”

“Ó dáa. Fún mi níjòókòó.”

“Hẹ̀n-ẹ́n! Ẹ fẹ́ gba kọsítọ́mà mi?”

“Fóònù mi ni wọ́n á máa fi pè, tìẹ á sinmi ni. Èrè rẹ ò ní yingin.”

Mo jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìdájí Jímọ̀, mo tún ti dé. Mi ò lè kúrò lójú kan. Bí mo bá fẹ́ tọ̀, fóònù ń bá mi lọ ni. Ọkùnrin kan gbé báàgì rẹ̀ lé ẹsẹ̀ mi, ó ń pariwo pé, “Ìbàdàn ni mo ṣì wà!” Obìnrin kan ń sunkún sínú fóònù, èmi sì ń ka ìṣẹ́jú. Ọlọ́run dárí jì mí, mò ń gbàdúrà pé kó má tètè dákẹ́.

Ọ̀sán Jímọ̀ ni owó pé. Mo sáré san án ní báńkì, mo mú rìsíìtì lọ bá àwọn oníná. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n so wáyà padà. Páálí ìsàlẹ̀ ṣì le. Tòkè ti rọ̀, mo dáná, mo ń yan án.

Ibi tí mo ti ń fẹ́ná ni ọmọ mi ti pè.

“Mọ́mì, láti àná, ẹ ò pè mí! Ṣé ẹ ò ní káàdì kékeré tí ẹ lè fi pè mí ni?”

Mo ní, “Mo ní in, ọmọ mi. Mi ò kàn lè fọwọ́ kàn án ni.”