Ọmọ Kan, Ọjọ́ Ìbí Méjì

Nígbà tí ọmọbìnrin mi wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, kò sí ẹni tí mo lè fi í sílẹ̀ fún nílé. Ìyá mi ti kú, ìyá ọkọ mi ń gbé ní Ìlọfà, ọkọ mi sì máa ń tètè lọ sóko. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Òsì. Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, màá mú un dání, màá tẹ́ ẹní kékeré fún un lẹ́yìn kíláàsì, màá fún un ní ṣọ́ọ̀kì tó ti kán kó máa fi ṣeré. Kó kàn jókòó jẹ́ẹ́ ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ó ti ń ka ohun tí mo bá kọ sójú pátákó ju àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ. Ọ̀gá ilé ìwé wa nígbà náà rí i, ó ní kí n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kí n yéé fi í pamọ́. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́, inú mi sì dùn.

Bó ṣe di pé ó parí girama nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ládùúgbò ṣì ku ọdún méjì nìyẹn. Ìlọrin la lọ fún ìdánwò àṣewọlé yunifásítì. Ẹ̀kọ́ nípa òkúta àti ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ló wù ú. Mo ti sọ fún un pé kó yan iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ní rárá, ó ní òun kì í fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀. Èsì jáde, ó dára kọjá ohun tí mo rò. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún àti oṣù díẹ̀ ni.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn tí a gbọ́ ọ lórí rédíò. Ọmọ náà ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé, èmi ń to ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi jọ. Wọ́n ní ìjọba ti sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún kò gbọdọ̀ wọ yunifásítì mọ́. Mo yí ohùn rédíò náà sókè, bí ẹni pé tó bá ròkè yóò yí ọ̀rọ̀ padà. Ọmọ mi bẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tán, ó fọ̀ ọ́, ó wọlé.

Láti ọjọ́ náà ni ara mi kò ti balẹ̀ mọ́. Bí mo bá ń ṣàlàyé iṣẹ́ lójú pátákó, màá dédé dákẹ́, màá máa ka oṣù lórí ìka ọwọ́. Tí mo bá jókòó jẹun, màá dìde kó tó tán. Ọkọ mi, tó máa ń pè mí ní Tíṣà, wò mí wò mí, ó ní, "Tíṣà, ọdún méjì kọ́ ni òpin ayé." Mo ní mo mọ̀. Mi ò mọ̀ rárá.

Oṣù náà la sin àbúrò bàbá mi ní Òbò-Ilé. Gbogbo àwọn ará ilé wa tó wà nílùú ńlá ló wálé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì wà lára wọn. Olùkọ́ yunifásítì ni, ó ti pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn tí a ti bo ibojì tán, tí àwọn èèyàn ń jẹun lábẹ́ kánọ́pì, mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa ọjọ́ orí?"

"Mo ti gbọ́. Mo sì fara mọ́ ọn."

Mo rò pé eré ló ń ṣe. Kì í ṣe eré.

"O ò rí ohun tí àwa ń rí," ó sọ fún mi. "Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún máa ń wọ kíláàsì mi. Bí ó bá fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ kan, ẹkún ni. Àwọn mìíràn kò tíì sùn kúrò nílé rí. Gbọ̀ngàn wa kún débi pé ojú fèrèsé làwọn kan ń dúró sí gbọ́ ẹ̀kọ́. Yàrá tí wọ́n kọ́ fún èèyàn mẹ́rin, mẹ́wàá ló ń sùn síbẹ̀. Ta ló fẹ́ mójú tó ọmọ kékeré níbẹ̀?"

"Ṣé ọmọ kékeré ló jẹ́ kí gbọ̀ngàn kún ni? Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ máa ń daṣẹ́ sílẹ̀? Ọmọ tó bá pẹ́ kó tó wọlé, tí ẹ wá daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà wo ni yóò jáde?"

Kò bínú. Ó wo ilẹ̀. "Òótọ́ lo sọ. Mẹ́ta nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti lọ sókè òkun, iṣẹ́ wọn ni mo ń kọ́ mọ́ tèmi. Àìsí owó ìwádìí, àìsí iná, mo lè máa ka ìṣòro ibẹ̀ fún ọ títí di ìrọ̀lẹ́. Ohun tí mo kàn ń sọ ni pé tí ọmọ yìí bá dúró nílé ọdún méjì, kò ní pa á lára."

"Kí ni yóò máa ṣe nílé?"

Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé ọmọ náà ti dúró sí ẹ̀yìn wa, pẹ̀lú omi tó ń pín fún àlejò. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Ó gbé omi fún ẹ̀gbọ́n mi, ó kúnlẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nílé ìwé wa, tíṣà kan tí ọmọ tirẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ kan náà sọ fún mi pé mo ń fìyà jẹ ara mi lásán. "Lọ búra ọjọ́ orí ní kóòtù. Ṣé ìwọ ni yóò kọ́kọ́ ṣe é?" Ó ní tí mo bá ti ní ìwé yẹn lọ́wọ́, màá lọ fi yí ọjọ́ ìbí rẹ̀ padà lórí nọ́ńbà ìdánimọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Mo kọ́kọ́ gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Bàbá àgbà kan ni akọ̀wé ìjọ wa, ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé àkọsílẹ̀ ìrìbọmi wà. Mo rò pé bóyá ó lè fún mi ní ìwé ẹ̀rí tuntun, kí ọdún tó wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Mi ò tiẹ̀ mọ bí mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Bàbá náà kò wàásù fún mi. Ó lọ gbé ìwé ńlá náà wá, ó wá ojú ewé rẹ̀, ó yí i sọ́dọ̀ mi. Orúkọ ọmọ mi wà níbẹ̀ àti ọjọ́ tí mo bí i. Orúkọ èmi àti ọkọ mi náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé wa méjèèjì.

"Ẹ bá mi kà á," ó wí. "Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́."

Mo kà á. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo jáde. Ìtìjú bá mi, ṣùgbọ́n ìtìjú náà kò dá mi dúró. Ọjọ́ kẹta, èmi àti ọmọ mi wọ bọ́ọ̀sì lọ sí kóòtù. Mi ò sọ fún ọkọ mi. Mo fọwọ́ lé Bíbélì, mo búra pé ọmọ tí mo bí ti fi ọdún méjì dàgbà ju bó ṣe rí lọ. Ó yá ju bí mo ṣe rò. Láti ibẹ̀ la ti lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe nọ́ńbà ìdánimọ̀, wọ́n gba ìwé wa, wọ́n ní ká máa retí rẹ̀.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, tí bọ́ọ̀sì wa kọjá Òbò Ayégúnlẹ̀, ọmọ náà bi mí pé, "Màmi, ṣé kí n máa sọ pé ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí báyìí?"

"Níbi tí wọ́n bá ti béèrè fún ìwé nìkan."

"Tí ọ̀rẹ́ mi bá bi mí ńkọ́?"

Mo ní kó yéé dà mí láàmú. Ó yí ojú sí fèrèsé.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ nìyí. Kò tó oṣù mélòó kan, wọ́n yan mínísítà ètò ẹ̀kọ́ mìíràn, èyí sì kéde pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè wọlé. Inú yàrá àwọn tíṣà ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ ọ. Àwọn yòókù pàtẹ́wọ́. Tíṣà tó gbà mí nímọ̀ràn rẹ́rìn-ín, òun kò tíì rí àyè lọ búra ní tirẹ̀. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo jáde lọ dúró sídìí igi máńgòrò, mo ń ronú ìwé tí mo ti búra sí.

Yunifásítì gba ọmọ mi fún ẹ̀kọ́ tó wù ú. A jọ lọ fún àyẹ̀wò ìwé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ mi, ó wo ìwé ìdánwò rẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Àtúnṣe tí a béèrè fún ti wọlé, a ò sì mọ̀. Ọjọ́ ìbí kan wà níbi ìdánwò, òmíràn wà lórí nọ́ńbà náà.

"Àbúrò," obìnrin náà bi í jẹ́jẹ́, "nínú méjèèjì, èwo ni tìrẹ?"

Ọmọ mi wò mí. Lẹ́yìn náà ó sọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

"Ta ló wá yí èyí padà?"

Mo rí i pé ọmọ mi kò ní dáhùn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Mo ní, "Èmi ni, èmi ìyá rẹ̀ ni."

Obìnrin náà kò bú mi. Ó ní kí a lọ tún un ṣe kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí. Nígbà tí a délé ni mo tó sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó bọ́ bàtà oko rẹ̀. "Tíṣà," ó wí, "ó yẹ kó o ti sọ fún mi." Kò tún fi nǹkan kan kún un. Ìbá ti dára ká ní ó pariwo.

Mo padà lọ bá akọ̀wé ìjọ. Ó fún mi ní ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi, kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Mo lọ sí kóòtù lẹ́ẹ̀kejì. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé irọ́ ni mo pa. Akọ̀wé kóòtù ní kí n fi "àṣìṣe" sí i, pé ìyẹn ló máa ń yá. Mo fi "àṣìṣe" sí i. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí. Gbogbo eré tí a sá, kò bọ́ sí i. Ìforúkọsílẹ̀ ti parí kí àtúnṣe tó dé.

Bí ọmọ mi ṣe lo ọdún kan nílé nìyẹn. Ó rí iṣẹ́ ìṣirò kọ́ ní ilé ìwé aládàáni kan ní Òbò Ayégúnlẹ̀. Ọ̀kadà ló ń gùn lọ, òun ló sì ń gbé e bọ̀, àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè é ní Àǹtí. Òun rọra ń ṣe tirẹ̀. Èmi ni mi ò lè jókòó. Màá béèrè lójoojúmọ́ bóyá wọ́n ti ń ta fọ́ọ̀mù ìdánwò, màá bi í bóyá ó ti kàwé, màá tún bi í.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jọ ń ṣa ìrẹsì, ó gbé àwo ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀. "Màmi, ẹ má bínú. Ta ló ń lé wa?"

Mo sọ ohun tí mi ò tíì sọ fún un rí. Mo sọ fún un pé nígbà tí èmi parí girama, bàbá mi ní kí n ní sùúrù kí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ parí yunifásítì. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ní sùúrù nínú ilé yẹn. Mo ń pọn omi, mo ń lọ sóko, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń kọ lẹ́tà sí mi láti kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn. Nígbà tí àyè tó kàn mí, àwọn tó jókòó tì mí ní kíláàsì ń pè mí ní màmá. Mo ní, "Ìgbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kí obìnrin dúró nílé díẹ̀, ọdún mẹ́fà ni mo máa ń gbọ́."

Ó ń fi ìka ṣa òkúta kéékèèké kúrò nínú ìrẹsì. "Ìyẹn ni ẹ ṣe bá Bọ̀ọ̀dá jiyàn níbi ìsìnkú."

"Bóyá ìyẹn ni."

"Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni ẹ̀yin, Màmi. Ẹ ì bá ti bi mí. Ǹ bá ti sọ pé kí a má yí i."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ìyá kì í sábà bẹ ọmọ nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí nǹkan kan, ó tún gbé àwo rẹ̀.

Ó tún ìdánwò ṣe. Èsì rẹ̀ kò ga tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó tó. Òun fúnra rẹ̀ ló kó ìwé rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, ó ní kí n má tẹ̀ lé òun. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbà á lálejò lọ́jọ́ tó wọlé, ó bá a gbé àpótí rẹ̀ dé yàrá. Mẹ́sàn-án ni wọ́n ń sùn níbẹ̀.

Ó ti ń lo sáà kejì báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn olùkọ́ wọn fún ìjọba ní gbèdéke, wọ́n ní àwọn yóò daṣẹ́ sílẹ̀. Mo pè é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Ṣé kí Dádì wá kó ẹrù ẹ?"

"Rárá o. Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá sì bẹ̀rẹ̀, èmi àti àwọn ará yàrá mi ti sọ ohun tí a fẹ́ jọ kà. Ẹ jókòó, Màmi."

Mo ní mo ti jókòó. Ìdúró ni mo wà, ojú ọ̀nà Ìlọfà, tí ọkọ̀ ń gbà bọ̀ láti yunifásítì rẹ̀, ni mo sì kọjú sí.