Orúkọ Tí Ọ̀gá Síwá-Sẹ́yìn Ń Bèèrè

Ọjọ́ tí olóògbé Ọ̀gá Síwá-Sẹ́yìn dá adájọ́ kan dúró sójú kan ni gbogbo ọsibítù ṣì ń sọ. Ọ̀gá yìí ni olórí yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú apá àti ẹsẹ̀ tó ti gan. Adájọ́ gbé èjìká líle wá, wọ́n ní kó gbé apá, ó gbé e.

"Gbígbé wo nìyẹn?" ni ọ̀gá bi í. "Síwájú ni, sẹ́yìn ni, àbí kúrò lára?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìtọ́jú ni mo wá gbà ni, àbí ìdánwò?"

"Apá tí kò mọ ibi tó ń lọ, báwo ló ṣe máa débẹ̀?"

Adájọ́ ò rí apá gbé sílẹ̀ títí ó fi dárúkọ ọ̀nà tó gbé e gbà.

Nílé ńkọ́? Ibẹ̀ ló tún le sí. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá dúró tì í. "Ìyá, ìbàdí lo ká kò yẹn, àbí ẹ̀yìn?"

Obìnrin náà ò gbójú sókè. "Bàbá, ilẹ̀ ni mò ń gbá."

Ọmọbìnrin wọn kì í bá àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ lòun náà kọ́, yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe é, ó sì fi odidi ọdún mọ́kànlá retí kí bàbá sọ lẹ́ẹ̀kan péré pé ohun tó ṣe dáa. Lọ́jọ́ tó gba ipò kìíní nínú ìdánwò, bàbá bi í ní ohun tó kọ sí ìbéèrè kẹfà.

"'Yíyí' lásán?" ni bàbá wí. "Sínú àbí síta?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra, kò sì tán nínú rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ dé, ó mú apá ọ̀tún, ó sì kó ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀gá pátápátá. Ẹni tó fi orúkọ yọ gbogbo ayé lẹ́nu ò lè bèèrè omi mọ́. Àwọn tó kọ́ níṣẹ́ ò yọjú. Ọmọ yìí nìkan ló ń tọ́jú apá náà lórí ibùsùn, tìbínú tìbínú ló sì fi ń ṣe é.

Lọ́jọ́ kan, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣi orúkọ pè. Ó ká apá bàbá kò níbi ìgúnpá, ó ní, "Nínà nìyí."

Ojú bàbá le koko. Ó gbọn orí pé rárá, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí orí náà ò ti kúrò lójú kan. Àṣé ìjà lòògùn rẹ̀. Láràárọ̀, ọmọ á ṣi orúkọ pè, bàbá á bínú, orí á mì. Inú ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn sí ìbínú náà ju bó ṣe lè sọ lọ.

Ó wá di ọjọ́ Ẹtì kan, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí bàbá kú. Ó ká apá náà kò. "Nínà nìyí, bàbá."

Bàbá wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó gbà.

Omi lé ròrò sójú ọmọ. Ó na apá náà, ó rọra tún un ká kò.

"Rárá, bàbá mi," ló wí. "Kíkákò ni. Mo ṣì í pè ni. Ẹ bá mi wí."