Ọ̀pá Irin Tí Kì Í Mu Gíríìsì

Òórùn gíríìsì gbígbóná tó dà pọ̀ mọ́ ti èlùbọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Ilé ìlọ̀ màmá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Ọ̀fà, níbi tí àwọn ará Ojoku ti máa ń sọ àpò iṣu gbígbẹ kalẹ̀. Ìyẹ̀fun a fò bo irun àti ìpéǹpéjú wa, títí gbogbo wa á fi dà bí arúgbó. O mọ irú ẹ̀rọ yẹn: ọ̀pá irin kan ń yí nínú òrùka irin. Bí o kò bá fi gíríìsì sí i, wọn á máa ha ara wọn jẹ, ẹ̀rọ á sì máa han. Bí o bá fi sí i, gíríìsì á máa jò sínú èlùbọ́. Àwọn oníbàárà ń ráhùn pé ọkà àwọn ń rùn bíi mọ́tò, wọ́n sì ti ń gbé ẹrù wọn lọ síbòmíràn.

Mo wà ní ọdún ìparí ní pólì nígbà náà. Màmá mi bi mí lọ́jọ́ kan pé, “Ìwọ tó ò ń kọ́ iṣẹ́ irin, ṣé kò sí irin tí kì í mu gíríìsì ni?” Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ olùkọ́ mi lọ. Ó ní ó wà. Wọ́n lè fi kábọ́ọ̀nù, tó jẹ́ ìbátan èédú ìdáná, bo irin bí awọ tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, tó le koko tó sì tún ń yọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ẹ̀rọ tó ń ṣe é ní Èkó. A gé ọ̀pá tuntun, a dán an títí ó fi ń kọ mọ̀nà, a fi ránṣẹ́.

Kí ọ̀pá náà tó dé, màmá mi kú. Ó ṣubú ní balùwẹ̀ láàárọ̀, a sì ti sin ín kí a tó kírun alásárì. Mo dúró létí sàréè, mo ń wo erùpẹ̀ bí wọ́n ti ń dà á. N kò lè sọ pé ó dùn mí, n kò sì lè sọ pé kò dùn mí. Ó kàn dà bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kú, téèyàn ò mọ̀ pé òun ń tẹ ilẹ̀. Wọ́n ń bá mi kẹ́dùn, mo ń dá wọn lóhùn. Wọ́n gbé mọ́ínmọ́ín fún mi, mo jẹ ẹ́ tán.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀pá náà dé, ó dúdú, ó ń dán bí ojú omi kànga. Àbúrò màmá mi, tí a ń pè ní Ìyá Kékeré, ló ṣílẹ̀kùn ilé ìlọ̀ fún mi. Mo yọ ti àtijọ́, mo fi kẹrosíìnì nu gbogbo gíríìsì kúrò, mo ki tuntun bọ̀ ọ́. A tan ẹ̀rọ. Kò han mọ́. Ìyá Kékeré bu èlùbọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì jókòó sórí àpò, ó ń sunkún.

“Ẹ̀gbọ́n mi ì bá rí i.” Ó wojú mi. “Ìwọ ò ní sunkún ni?”

“Kò wá ni, mà.”

“Á wá.”

Nígbà tí ẹ̀rọ dúró, mo fọwọ́ kan ọ̀pá náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo rántí pé mo mọ̀ lára láwọn ọjọ́ náà nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá, ẹkún náà ò wá. Àwọn ẹbí kan ní ọkàn mi le, n kì í bá wọn jiyàn. Mo ti gbà pé iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọ̀fọ̀ tí mo lè ṣe. Èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ irin báyìí. Lọ́dún tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú wọlé tọ̀ mí wá, ojú rẹ̀ gbẹ. Ó ní òun ò mọ ibi tí òun lè lọ. N kò sọ fún un pé kó sunkún. Mo sún àga fún un, mo ní kó bá mi di irin kan mú.