Orin Tí Páì Kò Lè Dá Dúró

Bí a bá perí akọni, a máa ń fi idà lalẹ̀. Bí wọ́n bá perí Alwyn Tattersall ládùúgbò wa ní Salford, páì ni wọ́n ń kọ́kọ́ bèèrè. Ohun tó fà á ni Sátidé kan báyìí, nígbà tí irun ṣì kún orí Alwyn, tí òun àti Trevor Ogden onígìtá àti Pauline onílù lọ ṣeré ní kíláàbù àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní ìkángun òpópó wọn.

Irú orin tí wọ́n ń kọ nígbà náà, àwọn ọ̀dọ́ tí ariwo orin ìbínú tí wọ́n ń pè ní pọ́ńkì ti sú ló dá a sílẹ̀. Gìtá Trevor a máa han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Pauline a máa lu ìlù kan náà láìyà sọ́tùn-ún sósì. Alwyn a sì dúró gbagidi níwájú, kò ní jó, kò ní rẹ́rìn-ín, a máa sọ orin rẹ̀ jáde bí ẹni tó ń ka ẹ̀sùn síni lẹ́sẹ̀. Èyí tí wọ́n gbé lọ sí kíláàbù dá lé bọ́ọ̀sì kan tí wọ́n dúró dè tí kò dé. Ẹni tó bá gbọ́ orin náà tán yóò mọ̀ pé lóòótọ́ ni wọ́n dúró.

Wilf, bàbá Alwyn, ni akọ̀wé tó ń ṣètò eré níbẹ̀. Òun ló bẹ ìgbìmọ̀ títí tí wọ́n fi gba ọmọ rẹ̀ láàyè. Ṣùgbọ́n òfin kan wà ní kíláàbù tí ọmọdé àtàgbà mọ̀: bí páì bá ti dé láti ilé ìdáná, eré dáwọ́ dúró nìyẹn, ìbáà jẹ́ ọba ló ń kọrin. Páì dé. Alwyn rí i pé ó dé. Ó ń kọrin lọ. Wilf ṣẹ́jú sí i, ó wúkọ́, ó tún na aago ọwọ́ rẹ̀ sókè, ọmọ ń kọrin lọ. Nígbà tó sú bàbá, ó gun orí pèpéle, ó gba makirofóònù lẹ́nu ọmọ rẹ̀.

“Ẹ̀yin ènìyàn wa, páì ti dé o. Ẹ tò lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ má ti ara yín. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ò tíì parí, ṣùgbọ́n páì ń tutù.”

Ẹ̀rín gba gbogbo ilé kan. Alwyn kò dáwọ́ dúró, ó kàn juwọ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n rọ ohùn sílẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè jẹun. Ẹ̀gbọ́n Pauline ti fi kásẹ́ẹ̀tì gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ àwo orin, àwo kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ̀ láyé wọn, Alwyn yarí pé ti kíláàbù yẹn ni àwọn máa tẹ̀, tòun ti páì inú rẹ̀.

Ìyá ìjà ńlá nìyẹn. Nora, ẹ̀gbọ́n Alwyn obìnrin, ló ń pín páì lọ́jọ́ náà. Ó rí bí ojú bàbá wọn ṣe pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nígbà tó ń bọ̀ láti orí pèpéle, kí òun tó padà sí ilé ìdáná. Nígbà tí àwo jáde, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń ké “Páì ti dé o” tẹ̀lé Wilf lójú pópó, Nora gbà pé ńṣe ni àbúrò òun fi bàbá wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní àwo náà kò ní dún sétí òun láéláé, kò sì dún, títí bàbá fi kú, títí orí òun náà fi funfun. Alwyn a máa lọ kí i lọ́jọ́ Àìkú, wọn a jẹun, wọn a sọ̀rọ̀ òjò. Bí Trevor bá rọ̀ ọ́ pé kó ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èsì kan náà ló máa ń fún un: kí Nora gbọ́ ọ, òun ò ní bẹ ènìyàn nítorí orin. Agídí wọn, inú ilé kan náà ni wọ́n ti jogún rẹ̀.

Àwo náà kò tà. Oníṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta àwo orin fi í sínú àpótí àwọn àwo àwàdà, ni Alwyn bá lọ dúró sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà, ó ń rojọ́ títí wọ́n fi fẹ́ palẹ̀ mọ́, pé orin tó lójú ni. Ọkùnrin náà gbé e lọ sáàárín àwọn orin tó lójú. Oṣù kan kọjá, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Alwyn padà lọ, ó bojú wo ìta bóyá ẹni tó mọ̀ ọ́n wà nítòsí, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dá a padà sínú àwàdà.

Ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àwọn tó máa ń fẹ́ràn ohun tí ẹlòmíràn kò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwo náà kiri. Ará Japan kan wá láti ìlú rẹ̀ wá kanlẹ̀kùn Alwyn. Wọ́n gbé àwo sí i, bí ó ti kan ibi tí Wilf ti ń pe páì, àlejò yìí dìde, ó dúró ṣánṣán, ó tẹríba. Trevor àti Pauline ò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe, làwọn náà bá dìde. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó níbi tí páì bá ti dé nínú orin yẹn.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ tí àwọn mẹ́ta máa ń pàdé nílé Alwyn. Wọn a gbọ́ orin, lẹ́yìn náà Alwyn a ta aṣọ ìbùsùn funfun mọ́ ògiri pálọ̀, a fi ẹ̀rọ àlòkù rẹ̀ tan fíìmù sí i. Fíìmù àwàdà ni, àmọ́ irú èyí tí àwọn sinimá ńlá kì í fi hàn. Èyí tó fẹ́ràn jù ni ti ọkùnrin kan tó ń dá àkàbà padà fún aládùúgbò rẹ̀, tí gbogbo ẹni tó pàdé lọ́nà sì ń yá a lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin Alwyn ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ló máa po tíì fún gbogbo ilé. Àlàyé tirẹ̀ ni pé ẹ̀rín tí èèyàn bá dì mọ́nú máa ń pẹ́ lára. Pauline kì í lè dì í, òun ló ń po tíì jù. Alwyn kò po tíì rí. Bí ẹ̀rín bá ń pa á, ojú rẹ̀ á le koko, etí rẹ̀ nìkan ni yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹní fi iná sun ún.

Nígbà tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró dá a gúnlẹ̀, Trevor ló ń jókòó tì í ní ọsibítù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Alwyn dì í lọ́wọ́ mú.

“Àwo wa ni kí ẹ lò níbi òkú mi,” ó ní. “Ẹ má gé e o. Bí ẹ bá gé e kí páì tó dé, màá dìde.”

Trevor ṣèlérí. Kò pẹ́ sí i, Alwyn kú.

Ṣé Trevor wá ni ẹbí ni? Nora ló ni òkú, orin ìsìn ni Nora sì fẹ́. Trevor lọ bá a nílé, ó bọ́ fìlà, ó sọ ohun tí olóògbé wí. Nora kò tilẹ̀ jẹ́ kó wọlé.

“Kí wọ́n tún wá fi bàbá mi rẹ́rìn-ín níwájú pósí ọmọ rẹ̀? Rárá o, Trevor.”

Láti kékeré tí òun àti Alwyn ti jọ ń ṣọ̀rẹ́, Trevor kò yẹhùn lórí ohunkóhun tó bá Alwyn sọ rí, èyí sì ni ìkẹyìn, kò tún sí òmíràn tí yóò fi dí i. Ó bẹ Nora pé kó wá bá òun àti Pauline nílé Alwyn lọ́jọ́bọ̀, kó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré. Bó bá ní rárá lẹ́yìn ìyẹn, òun fúnra òun á kọ orin ìsìn náà, òun á kọ ọ́ tọkàntọkàn. Nora tilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n ó wá. Ó jókòó sórí àga Alwyn láìmọ̀, ó de bọ́tìnnì kóòtù dé ọrùn, báàgì rẹ̀ wà lórí orúnkún. Trevor gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í han. Nora fajú ro. Bọ́ọ̀sì kò dé, bọ́ọ̀sì kò dé, títí ohùn Wilf fi jáde, ohùn tí Nora kò gbọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín. Trevor àti Pauline dìde bí wọ́n ṣe ń ṣe. Nora ò mira. Ẹ̀rín àwọn èrò kíláàbù dún, ó rọlẹ̀, ìlù náà rọlẹ̀, lábẹ́ rẹ̀ ni a ti wá gbọ́ ohùn Alwyn, ọmọdé lásán.

“Ẹ ṣé, Dádì. Ẹ bá mi fi ọ̀kan pamọ́ o.”

Bàbá náà fèsì láti ọ̀ọ́kán: “Mo ti fi pamọ́ tipẹ́, ọmọ mi. Máa ṣe tìrẹ lọ.”

Nora fọwọ́ bo ẹnu.

“Páì yẹn,” ó ní. “Èmi ni Dádì ní kí n fi aṣọ bò ó. Mo bi í pé ta ló ni ín, ó ní ti ìgbìmọ̀ ni. Ebi ń pa mí kú lọ, mi ò fọwọ́ kàn án.” Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. “Ojú rẹ̀ tó pọ́n yẹn, àṣé ẹ̀rín ló ń dì. Bí etí Alwyn.”

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, ẹkún sì wà nínú ẹ̀rín náà, nítorí àtọdún tó ti ń bínú lórí páì kan. Pauline náà ń sunkún. Nígbà tó nu ojú tán, ó sọ fún Nora jẹ́jẹ́ pé òfin ilé yìí ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ló ń po tíì. Nora bọ́ kóòtù rẹ̀, ó wọ ilé ìdáná lọ.

Wọn ò gé àwo náà. Nínú ilé tí wọ́n ti ń sun òkú, bí Wilf ti ní páì ti dé, Nora ló kọ́kọ́ dìde. Gbogbo ìjókòó dìde tẹ̀lé e. Àlùfáà wò yíká, ó rí i pé òun nìkan ló jókòó, òun náà dìde.

Kíláàbù ni wọ́n padà sí láti jẹun. Nora ló pín páì fúnra rẹ̀. Nígbà tí páì ti ń tán lórí tábìlì, aládùúgbò kan rí ọ̀kan tí wọ́n fi aṣọ bò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó nawọ́ sí i. Nora rọra ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ọkùnrin náà bi í pé ta ló ni ín.

“Ti ìgbìmọ̀ ni,” ni Nora wí. Ojú rẹ̀ le koko, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti pọ́n.

Trevor ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó bá dìde, ó lọ gbé omi tíì kaná.